Bí Kajú Ṣe Jẹ Ìtẹ̀ka Ẹni Tí Ń Wá Físà

Físà àbẹ̀wò ni ìwé àṣẹ tí orílẹ̀-èdè kan ń lẹ̀ mọ́ páásípọ́ọ̀tù àlejò kí ó lè wọlé fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì padà síbi tí ó ti wá. Ti Schengen, tí orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù jọ ń lò, kì í fún àlejò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà di 90 yúrò ní ọdún 2024. Lẹ́yìn ìwé báǹkì àti lẹ́tà ìpè, ẹni tí ń tọrọ rẹ̀ yóò lọ tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí ẹ̀rọ.

Ojú ẹ̀rọ náà jẹ́ gíláàsì tí iná ń tàn sí láti abẹ́. Níbi tí ìlà wẹ́wẹ́ orí ìka bá ti kan gíláàsì, iná kì í padà dáadáa, ṣùgbọ́n níbi tí àárín ìlà bá ti jìn sínú, iná yóò padà, kámẹ́rà inú ẹ̀rọ yóò sì ya dúdú àti funfun náà. Ìlà yìí kì í bára dọ́gba: àwọn ìbejì tí a mọ ìlú Igbó-Ọrà mọ́, títí kan àwọn tí ìyá wọn ń ṣì mọ̀, kò ní ìtẹ̀ka kan náà.

Òǹkọ̀wé àròkọ yìí mọ gbogbo èyí, síbẹ̀, nítorí kí ó má baà lọ sí Jámánì lọ́wọ́ òfo, ó yan hóró kajú nínú oko kan ní Èrúwà ní Ìbàràpá, ó sì fi ọwọ́ lásán bó o. Òróró dúdú kan wà nínú èèpo kajú tí ásíìdì rẹ̀ ń bó awọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe fi ń fi òróró jíjẹ pa ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ní ọ́fíìsì ìtẹ̀ka ní Èkó, iná pupa tàn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ nu gíláàsì, ó fún òǹkọ̀wé ní ìpara, ó sì tẹ ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà, pupa náà ni. Ó gbójú sókè, ó ní, “Dádì, ẹ ò ní ìka o,” gbogbo àwọn tó jókòó sì gbọ́ ọ. Nítorí pé àwọn kan wà tí ń mọ̀ọ́mọ̀ sun ìka kí wọ́n má baà dá wọn mọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá bèèrè ohun tí òǹkọ̀wé ń fi pamọ́. Kàkà kí ó dákẹ́, ó yọ ọ̀rá kajú jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọlé. Ọ̀rá bẹ́, kajú fọ́n ká, àgbàlagbà tó wọ agbádá sì ń rákòrò láàárín bàtà ọmọlọ́mọ, ó ń fi ìka tí ẹ̀rọ ti jẹ́rìí pé kò sí ṣa kajú.

Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Èyí kì í ṣe ẹ̀rín rárá, nítorí pé òfin físà tí Yúróòpù ṣe ní ọdún 2009, ní abala 13, sọ pé bí ìka kò bá ṣeé tẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹni náà bá tún wá tọrọ físà mìíràn. Àwọn tí ń jẹun nídìí òfin náà ni kò kà á.

Awọ tuntun hù, ìlà àtijọ́ gan-an ni ó sì padà wá, torí pé abẹ́ awọ òkè ni gbòǹgbò wọn wà; owó tí a san fún ọjọ́ àkọ́kọ́ kò padà. Ẹni tí ọjọ́ ìtẹ̀ka rẹ̀ bá bọ́ sí àkókò kajú ní Ìbàràpá, kí ó jọ̀wọ́ wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì mú abala 13 yẹn dání.