Ògiri Ló Ń Pe Aláǹgbá

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri amọ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Òjò lù ú, oòrùn pa á, ọjọ́ ogbó dé sí i, ó sì lanu. Kò mọ̀ ọ́n mọ̀ là á. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ògiri yóò gbé àga síta, tí yóò máa kí aláǹgbá pé ẹ kú àbọ̀, ẹ kọjá sí yàrá.

Àbúrò ìyá mi kan ń ta àǹkárá ní Gbági, n'Ìbàdàn. Mọ́mì Gbági la máa ń pè wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti wà nílé ọkọ, ọkọ ò sì tíì mọ ibi tí wọ́n ń so owó mọ́. Bí bàbá bá béèrè pé báwo lọjà òní, ìdáhùn kan náà ni: "A dúpẹ́." Alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, wọ́n mọ ilé bàbá rẹ̀, wọ́n mọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, wọ́n mọ ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́ àti ohun tó lé e lọ. Ògiri kọnkéré gan-an nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ọjà mà, ẹ ó tà o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Láti báǹkì yín la ti ń pè, ẹ má bínú pé a dí yín lọ́wọ́." Ọmọ náà ní àkáǹtì wọn fẹ́ tì pa nítorí BVN. Mọ́mì ka BVN fún un, nọ́ńbà 11, ẹyọ kan ò yingin. Wọ́n ka nọ́ńbà gbọọrọ tó wà níwájú káàdì. Wọ́n yí káàdì padà, wọ́n ka mẹ́ta ti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà mẹ́fà wá já wọlé sórí fóònù, báǹkì sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mọ́mì ka ìyẹn náà sí i létí: "Wọ́n mà ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ọmọ náà ní, "Òótọ́ ni mà. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o, àfi èmi."

Kí wọ́n tó pa fóònù, Mọ́mì ti wúre fún un. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ yóò tẹ ohun tó ń wá. Mi ò rí àdúrà tó yára gbà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nínú fíìmù òyìnbó, inú òkùnkùn ni olè kọ̀ǹpútà ń jókòó sí, tí yóò máa tẹ bọ́tìnnì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Tiwa ò nílò òkùnkùn, ìkíni ló nílò. Kò sí ẹni tó fọ́ ilẹ̀kùn báǹkì. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni báǹkì fi ń béèrè pé ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá kà á fún ẹlòmíràn ti fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé èmi ni, ẹ ṣí i. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pa fóònù mọ́ ọmọ tó mọ èèyàn kí lẹ́nu? Wọ́n á ní ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ti WhatsApp ò yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ kọ ọ́ pé, "Jọ̀ọ́, kóòdù mi ṣèèṣì wọ orí nọ́ńbà rẹ, bá mi fi ránṣẹ́." Aláǹgbá ti wà nínú ilé ọ̀rẹ́ náà látàná, tìrẹ ló kàn. Kí o tó bọ́jú tán, orúkọ rẹ ti ń yá ₦50,000 lọ́wọ́ pásítọ̀ àti lọ́wọ́ àna rẹ. Láti ọdún 2017 ni WhatsApp ti fún ẹni tó bá fẹ́ láyè láti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn kejì. Àwọn tó ṣe é nínú ẹbí wa, ọjọ́ ìbí wọn ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ ìbí kan náà tí wọ́n gbé sórí Facebook pẹ̀lú kéèkì alájà mẹ́ta.

Ti ojúkòkòrò ńkọ́? Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, sogúndogójì rẹ̀ tó ń jẹ́ MMM ti fọ́ mọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ lórí ní ọdún 1994. Ní 2007, ilé ẹjọ́ ní Moscow dá a lẹ́bi jìbìtì. Gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà tí a fi ń wá a kiri. Nígbà tí MMM dé Nàìjíríà ní 2015, tó ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù, àwọn tó ń bi alájọ ní ogún ìbéèrè ò bi í ní ẹyọ kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó.

Ẹ rò pé a kọ́gbọ́n? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX dàrú, èyí tó ní òun ó sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. N'Ìbàdàn, àwọn tó kówó sí i ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà ní Òkè-Àdó, wọ́n sì ń kó ẹrù. Ẹni tó fi owó ilé sí i, àga ló gbé relé. Lẹ́yìn gbogbo èyí, CBEX tún ní kí àwọn èèyàn san 100 dọ́là, kí àwọn tówó wọn pọ̀ san 200, kí wọ́n fi lè mọ̀ pé àkáǹtì wọn kì í ṣe ayédèrú. Aláǹgbá ń yẹ ògiri wò, bóyá ògiri gidi ni.

Ẹ má rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Èmi náà ti tẹ líǹkì tó ń pín dátà ọ̀fẹ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù márùn-ún, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe kí dátà tó wọlé. Dátà ò wọlé. Ọ̀kan nínú gúrúùpù márùn-ún náà ni ti ẹgbẹ́ wa, níbi tí mo ti ń kìlọ̀ jìbìtì fún wọn ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

Lánàá, Mọ́mì Gbági pè mí, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan wà tó ń bá èèyàn gba owó padà lọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì, ọmọ tó pè wọ́n sì lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ó bá wọn kẹ́dùn títí. ₦15,000 péré ni fọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà kan sì ti wọlé sórí fóònù wọn báyìí, ẹyọ mẹ́fà, ọmọ náà ń dúró dè é, gíláàsì wọn ò sì sí nítòsí. Wọ́n ní kí n sáré wá bá wọn kà á.