Ẹlẹ́dẹ̀ Orí Tábìlì Àlàájì

Eré ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, wákàtí 24 péré ni. Mo ní péré, kí ẹ má bínú. Àwọn awakọ̀ tó ń fi ọ̀sán mọ́ òru níbẹ̀, tí wọ́n ń gba ìjókòó kan ṣoṣo lọ́wọ́ ara wọn, ni ayé ń pè ní akọni. Láti ìgbà tí Dan Gurney ti fọ́n ṣanpéènì sára àwọn èèyàn níbẹ̀ ní 1967, gbogbo ẹni tó bá borí ló ń fi ọtí wẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn akọni gan-an wà nílé wọn, wọ́n fi awò sójú, wọ́n fi ẹ̀mú tín-ín-rín gbé bẹ́líìtì ìjókòó, èémí wọn ò sì gbọdọ̀ jáde kó má bàa gbé e lọ. Àwọn ni wọ́n ń fi ike to ọkọ̀ Le Mans ní kékeré. Kò sẹ́ni tó ń fọ́n ṣanpéènì sí wọn lára. Tínà nìkan ló ń ta sí wọn.

Ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ọkọ̀ gidi ni wọ́n sábà máa ń ṣe é sí. Mo wá mú ìṣirò. Ojú ọ̀nà ìje náà ní 1971 jẹ́ kìlómítà 13.469. Tí a bá fi 24 pín in, ó ku bíi mítà 561, ìwọ̀n ìrìn ẹni tó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Wákàtí 24, tí a bá fi 24 pín òun náà, wákàtí kan ni. Ìṣirò kì í purọ́: wákàtí kan ló yẹ kí iṣẹ́ yìí gbà. Àlàájì kan tí mo mọ̀ ní London bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ náà ti ń kọ́ mọ́tò wíwà báyìí.

Kí ni Àlàájì ń tò? Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹnìkan tó sáré lọ bá lemọ́ọ̀mù.

Ní 1971, Porsche ti ilẹ̀ Jámánì ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní 917/20, ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ kó máa já afẹ́fẹ́ bí ọkọ̀ onírù gígùn, kó sì máa dúró ṣinṣin bí onírù kúkúrú, ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ SERA ní Faransé bá bá wọn ṣe ara rẹ̀. Ohun tó jáde sanra, ó fẹ̀, ó rí ribiti níwájú lẹ́yìn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ọlọ́tí Martini tó ń náwó sórí ọkọ̀ Porsche nígbà náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ẹ má ṣe kọ orúkọ wa sí èyí lára. Anatole Lapine, ọ̀gá àwọn tó ń ya ìrísí ọkọ̀ ní Porsche, kò jiyàn. Tó bá ti jọ ẹlẹ́dẹ̀ lójú yín, ẹ jẹ́ kó kúkú jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ni wọ́n bá kùn ún ní píǹkì látòkè délẹ̀, wọ́n fa ìlà sí i lára bí alápatà ṣe máa gé ẹran, wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí i ní èdè Jámánì: imú, ọpọlọ, itan.

Àlàájì tí kì í gba iwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ kọjá ti wá mọ ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ dé ìwọ̀n mìlímítà. Nígbà tí Àlàájà bi í pé, “Àlàájì, ẹlẹ́dẹ̀ lẹ gbé wọlé yìí?”, ó ní ẹran ike kì í ṣe háráámù.

Kí wọ́n tó kùn ún, wọ́n á kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Ọṣẹ ni wọ́n fi ń wẹ ike o, torí òróró tí wọ́n fi yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ọ̀dà dì mọ́ ọn. Ó gbẹ tán, sáńpépà. Wọ́n á fi bọ́dífílà dí ihò. Sáńpépà. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ funfun ló tẹ̀ lé e, torí píǹkì tó bá jókòó sórí àwọ̀ eérú á jọ ẹlẹ́dẹ̀ tára rẹ̀ ò yá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n: sáńpépà. Eruku kan ṣoṣo bà sórí ọ̀dà tútù, Àlàájì tún padà síbi ọṣẹ.

Píǹkì fúnra rẹ̀ wá dá ogun sílẹ̀. Fọ́tò 1971 ti ṣá. Ọkọ̀ gidi ṣì wà lọ́wọ́ Porsche, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe. Ìjọ kan tún wà nínú wọn tó gbà pé ohun kékeré gbọ́dọ̀ mọ́ díẹ̀ ju ohun ńlá lọ kí ojú tó lè rí wọn bákan náà. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tó láya tó bímọ, tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nítorí awọ ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ tún wo inú rẹ̀. Igi fúyẹ́ ni Porsche fi ṣe orí ọ̀pá jíà 917 kí ọkọ̀ má bàa wúwo. Àlàájì wá ń kun ike kó lè jọ igi. Ẹ́ńjìnnì náà ní sílíńdà 12, plọ́ọ̀gì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 24, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀. Wáyà ò sí nínú páálí, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Bẹ́líìtì gidi, lọ́tọ̀. Orúkọ sìgá pàápàá, lọ́tọ̀: Porsche 956 mẹ́ta tó gba ipò kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta ní Le Mans ní 1982, Rothmans ló wà lára wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ páálí òde òní ò jẹ́ kọ orúkọ sìgá, kí awakọ̀ ike má bàa ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí wáyà 24 bá pé, tí ohun gbogbo gún régé, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí pa. Ojú kankan ò ní í rí wáyà yẹn mọ́ títí ayé.

Kí wá ni ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ní Le Mans? Reinhold Joest àti Willi Kauhsen ló wà á, nọ́ńbà 23. Ó forí sọ irin ẹ̀bá ọ̀nà ní kọ́nà Arnage lóru, ó parí síbẹ̀. Èyí tó borí lọ́jọ́ náà, 917K ti Helmut Marko àti Gijs van Lennep, rin kìlómítà 5,335, ẹnikẹ́ni ò rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ títí di 2010. Àwọ̀ Martini ló wọ̀. Àwọn ọlọ́tí náà mọ ọkọ̀ yàn! Síbẹ̀ ẹ dé orí tábìlì àwọn èèyàn wa, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń bọ. Ní 2018, Porsche fúnra rẹ̀ fi píǹkì yẹn kun 911 RSR kan, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní ìsọ̀rí rẹ̀ ní Le Mans. Àlàájì sọ fún mi pé píǹkì ti 2018 yàtọ̀ sí ti 1971. Mi ò bi í léèrè o.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé òtítọ́ ni wọ́n ní àwọn ń wá. Ìṣó kan ò gbọdọ̀ dín. Ṣùgbọ́n òtítọ́ wọn dúró ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, 1971, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, tí ara ẹlẹ́dẹ̀ ń dán. Mi ò tíì rí ẹyọ kan tí wọ́n tò ní ìparí ìje rẹ̀, pẹ̀lú imú tó ti fọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Àlàájì.

“Àlàájì, ẹ̀yin tí ẹ de wáyà plọ́ọ̀gì 24, irin tó forí sọ ńkọ́?”

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìmọ̀kan.

“Kò sí nínú páálí. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀.”