Ìtọ́jú Ọkọ̀ fún Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Awakọ̀ Olóríkunkun Kan

Láti oṣù kejì títí òjò yóò fi fìdí múlẹ̀ ni ooru máa ń mú jù nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbà náà ni ọkọ̀ tí àìsàn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń jẹ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ríbi tú ooru rẹ̀ sí, táyà gbọ́dọ̀ lè fara da títì tó gbóná. Kí èèyàn má dí wọn lọ́wọ́ ni olórí ìtọ́jú. Ọwọ́ awakọ̀ kan ṣoṣo, tó dí wọn lọ́wọ́ lóríṣiríṣi, ni a ti rí gbogbo àpẹẹrẹ tó wà níhìn-ín. Òun náà ló kọ àpilẹ̀kọ yìí, nítorí náà kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Rádíétọ̀ ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Omi lásán ń hó ní 100°C, ó sì ń mú kí irin dípẹtà. Kúláǹtì tí a fi omi lù dọ́gba-dọ́gba kì í hó títí yóò fi kọjá 105°C, ìdérí tó bá sì há dáadáa ń sún ibi tí yóò ti hó síwájú sí i. Awakọ̀ wa gbà pé kò sómi tí kì í ṣe omi. Omi kànga ló ń bù sí i. Nígbà tí rọ́bà ìdérí gbó, ó fi ọ̀rá píọ̀wọ́tà wé e.

Thermostat ló ń sé omi mọ́ ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó, tó sì ń ṣílẹ̀kùn fún un ní nǹkan bíi 82 sí 95°C. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń yọ ọ́ dànù, wọ́n ní ìlú olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá yọ ọ́ lára rẹ̀ kì í tètè gbóná débi tó yẹ, epo tó ń jẹ a sì máa pọ̀ sí i. Awakọ̀ wa kò tilẹ̀ dúró de mẹkáníìkì. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, ó sì ń fi í tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì.

Eruku ọyẹ́ máa ń dí ojú rádíétọ̀ àti ti kọndẹ́ńsà AC tó wà níwájú rẹ̀. Omi tí kò le ni a fi ń fọ̀ wọ́n, torí pé omi alágbára ń tẹ àwọn irin wẹ́wẹ́ ibẹ̀. Páálí ni awakọ̀ wa fi dí iwájú ọkọ̀ ní tirẹ̀. Eruku kò wọlé mọ́ lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ náà kò wọlé.

Bí ọwọ́ géèjì ooru bá gòkè lójú ọ̀nà, a ó pa AC, a ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó sì ní sùúrù fún bí ìṣẹ́jú 30 kí a tó fọwọ́ kan ìdérí rádíétọ̀. Bí kò bá síbi tí a lè yà sí, a lè tan híítà dé òpin, nítorí pé híítà ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì wá sínú ọkọ̀. Nítòsí Ògèrè, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, awakọ̀ wa dán èyí wò láìsọ ìdí rẹ̀ fáwọn àna rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ní, “Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?” Ojú tì í débi pé ọkọ̀ kò tíì dúró tán tó fi lọ ṣí ìdérí. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ló kọ́kọ́ fò jáde, omi híhó tẹ̀ lé e. Agbádá rẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ti táyà kò gba àwàdà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń tẹ̀, ó ń nà, ó sì ń fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Bí ooru títì bá kún un, ó lè bẹ́. Kí ọkọ̀ tó rìn láàárọ̀ ni a ń wọn afẹ́fẹ́, nítorí pé ó ń fi nǹkan bíi 1 psi lé sí i bí ooru bá ti fi 5 sí 6°C lé sí i. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, ó sì máa ń wà láàárín 30 sí 35 psi fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Òpin ohun tí táyà lè gbà ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà fúnra rẹ̀. Awakọ̀ wa rí 51 níbẹ̀, ó ní kí fọkanáísà fún òun ní 51. Fọkanáísà ní, “Ọ̀gá, ṣó dá yín lójú?” Ó ní òun kàwé.

Ẹ̀gbẹ́ táyà kan náà ni ọjọ́ orí rẹ̀ wà, nínú nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT: méjì fún ọ̀sẹ̀, méjì fún ọdún. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà dúdú kun táyà tòkunbọ̀ tó ń dán, ibẹ̀ ni kí a wò. Awakọ̀ wa rí 0812. Ó rò pé nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń tà á ni, pé ìyókù ló ti pa rẹ́.

Ti bátìrì kò gùn: kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ohun funfun tó hù sórí rẹ̀. Oòrùn ń mú kí rọ́bà wáípà gan, òjò àkọ́rọ̀ ló sì máa ń tú u fó. A kì í fi láítà tàbí agolo lọ́fínńdà sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá wà níbẹ̀ rárá, ì báà ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí sí-kọ́ṣọ̀n, jáàkì, agolo ìpaná àti táyà sípíà wà nínú búùtù, kí a sì máa wọn afẹ́fẹ́ sípíà náà pẹ̀lú.