Ohùn Abossey Okai Ní Balme

Àríyànjiyàn ló gbé mi dé Legon. Ọmọkùnrin kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Abossey Okai, ní Accra, níbi tí mo ti ń ta ṣọ́kì mọ́tò, ó ní oṣù mẹ́ta ni Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ́dún 1969 láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni! Kí n lè fi ìwé pa á lẹ́nu mọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì trotro Madina, ó di Balme, ilé ìkàwé àgbà Yunifásítì Ghana ní Legon. David Balme tí wọ́n fi sọrí ni olórí àkọ́kọ́ yunifásítì náà, láti ìgbà tó ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1948.

Ìwé J. S. Eades lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò ní àríwá Ghana, èyí tó jáde ní 1993, ni mò ń wá. DT ni nọ́ńbà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, E23 ló wà lápá ìparí rẹ̀. Èmi tí mo mọ nọ́ńbà páàtì Toyota lórí, kí ni nọ́ńbà ìwé fẹ́ fi mí ṣe? Mo rí E4, mo rí E5, mo rí E7. Mo ń retí 23 lẹ́yìn wọn, F ló yọjú.

Ni mo bá figbe ta. Ohùn tí mo fi ń borí fèrè mọ́tò lọ́jà ni mo lò: "Wọ́n ti jí i! Ẹ ti ilẹ̀kùn!" Mo ń fọwọ́ lu pákó gbà-gbà-gbà. Gbogbo orí tó wà lórí ìwé ló gbé sókè. Òṣìṣẹ́bìnrin kan rọra dé, ó pè mí bí ẹni pe arákùnrin ìyá rẹ̀: "Wofa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín." Abẹ́ ọwọ́ tí mo fi ń lu pákó gan-an ló ti fa ìwé náà yọ.

Àmì ìdá mẹ́wàá kan ló sá pamọ́ síwájú nọ́ńbà yẹn. E23 dà bíi 0.23, E4 dà bíi 0.4. Ẹ fi owó sídì, tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún pesewa, wò ó: pesewa 23 kò tó pesewa 40, E23 ló ń ṣáájú. Bí ìwé tuntun bá dé, wọ́n á ki E235 sáàárín E23 àti E24, kò sí èyí tó máa kúrò láyè rẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n má kọ àmì náà síbẹ̀? Inú ṣì ń bí mi! Bí mo bá kọ ààbọ̀ nọ́ńbà sára ṣọ́kì, oníbàárà á fi í fọ́ mi lórí.

Ìtìjú mú mi, ẹnu ọjà ló yọ: "Sístà, èló lẹ máa gbà jálẹ̀?"

"A kì í tà á, Wofa. Ẹ jókòó kà á."

Mo jókòó. Fóònù mi bú sí fújì. Oníbàárà ni, ó ń bèèrè bóyá ṣọ́kì òun tuntun ni àbí home used, ìyẹn àlòkù. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò gbọ́. Mo tún un sọ, kò gbọ́. Ni mo bá ké: "Home used ni!"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan dáhùn láti ẹ̀yìn mi: "A ti mọ̀, Wofa."