Ẹ Kí Irin Dáadáa, Bọ̀dá

Bọ̀dá oníjíìmù, ẹ kú agbára o. A rí yín. Báwo la ò ṣe ní rí yín, nígbà tí ẹ ti kígbe "Yéè!" tó igba kí ẹ tó sún mọ́ irin rárá? Bẹ́líìtì ti fún ikùn yín pa, bándéèjì ti yí orúnkún ká, ẹfun ti bo ọwọ́, ó ti dé imú. Ẹ to irin oní-20 kílò mẹ́ta sọ́tùn-ún, mẹ́ta sósì, ọ̀pá fúnra rẹ̀ tún jẹ́ 20. Ó di 140 kílò. Gbogbo jíìmù dákẹ́. Ẹ gbé e sí èjìká, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ wá mirí sí i.

Ó tán?

Ọmọ Yorùbá mà ni yín! Àgbà ni irin tó bá wúwo tó 140 kílò. Ká ní irú ìkí yẹn lẹ kí àwọn àna yín lọ́jọ́ ìdána, wọn ì bá ti kó iṣu yín jù síta, kí wọ́n tó wá da ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀lé e. Orúnkún tẹ̀ fín-ín, ìdí yọ sẹ́yìn fín-ín, ẹ ti dìde, ẹ tún ń lu àyà.

Ní ìdíje àjọ IPF tó ń darí powerlifting lágbàáyé, òfin fífi irin lóṣòó kò gba àwàdà: ibi tí itan ti pàdé ìbàdí gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju òkè orúnkún lọ. Onídàájọ́ mẹ́ta ló ń ṣọ́ ọ. Bí méjì bá tan iná pupa, òfo lẹ gbé. Ray Williams, òmìrán ọmọ Amẹ́ríkà, fi 456 kílò lóṣòó lọ́dún 2016, ó sì gbé e dé 490 lọ́dún 2019. Ẹ wo ikùn ọkùnrin yẹn, ẹ wo itan rẹ̀. Gbogbo wọn fi àyè gba ara wọn, wọ́n jọ dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, kí ló dí yín lọ́nà?

Mo ti mọ èsì yín: "Ìbàdí mi ló gan." Kì í ṣe irọ́ fún gbogbo èèyàn o. Kòtò tí orí eegun itan ń yí nínú rẹ̀ jìn lára ẹlòmíì ju ti ẹnìkejì lọ, ó sì lè kọjú síbòmíì. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbọ́dọ̀ la ẹsẹ̀ gbàgà, kí wọ́n kọjú ọmọ ìka ẹsẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ tiyín wò. Ẹ gbé irin yẹn sílẹ̀. Ẹ di dọ́ńbẹ́ẹ̀lì kékeré kan mọ́ àyà, ẹ la ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ lóṣòó. Hẹn-ẹn! Ẹ ti dé ilẹ̀. Ìbàdí tó gan láti ọjọ́ yìí, ta ló wá bá yín fi òróró sí i?

Bí gìgísẹ̀ ló bá ń gbéra, kókósẹ̀ ni kí ẹ bá wí. Ìdí rèé tí bàtà àwọn agbérin fi ń ga lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ bá ń ká kòrókòró, ẹ dúró lókè ibẹ̀ díẹ̀. Tiyín ò sí nínú méjèèjì. Irin ló pọ̀ ju agbára lọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni iṣan ìdí àti iṣan inú itan ti ń ṣiṣẹ́ jù, ibẹ̀ gan-an lẹ sì ń sá fún. Èjìká yín ti kún ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ṣì ń wá ara wọn kiri nínú ṣòkòtò.

Ẹ má sì pè mí wá wo fídíò. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú orúnkún lẹ gbé fóònù sí, nítorí ẹ mọ̀ pé láti ibẹ̀, ìdí á dà bí èyí tó ti lọ sísàlẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ṣe déédéé ìbàdí, ká jọ wò ó. Ọ̀rẹ́ yín tó dúró sẹ́yìn ńkọ́? Ó ń pariwo, "Ìwọ nìkan ni o! Mi ò fọwọ́ kàn án!" Iṣan ọrùn tirẹ̀ ló sì ń yọ.

Ẹ sọ irin náà di 80 kílò. Ẹ lọ sísàlẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, kí ẹ wá dìde láìkígbe. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹ ní dókítà ló ní kí ẹ sinmi.

Àbúrò obìnrin tó wà lẹ́yìn yín yẹn, tó ń fi 60 kílò lóṣòó títí ìdí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ti ń dúró látàárọ̀. Ẹ bá a tú irin yẹn kúrò lórí ọ̀pá, bọ̀dá. Ìyẹn nìkan niṣẹ́ gidi tí ẹ máa fi 140 kílò ṣe lónìí.