Ẹ̀gbọ́n Awòran

Bí ẹ bá dé ilé Ẹ̀gbọ́n Awòran ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ẹ má tètè wá àga. Ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀ ni yóò ti di yín lápá mú: "Dúró síbẹ̀ yẹn. Má rìn mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ti dáa." Ó lè jẹ́ pé ọ̀kadà lẹ wọ̀ láti Agbowó, kí eruku kún ojú, kí òùngbẹ máa gbẹ yín, àwòrán lẹ ó kọ́kọ́ wò kí ẹ tó mu omi. Òun náà yóò fi ìka méjì ti àgbọ̀n, yóò di ojú kan, yóò sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí awakọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn wọ gáréèjì, títí ìdí rẹ̀ yóò fi gbá tábìlì kékeré tí ìyàwó rẹ̀ gbé òdòdó oníke lé. Òdòdó yẹn ti ṣubú tó ìgbà mẹ́rin lójú tèmi nìkan. "Ṣé o rí i?" Ẹ ó ní ẹ rí i. Ẹ ò rí nǹkan kan. Òun náà ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù yín lọ.

Wọn ò fi Awòran sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ o. Èmi ni mo fi sọ ọ́. Ohun tí à ń wò ni àwòrán, ẹni tó ń wò ó ni awòran. Ohùn orí ọ̀rọ̀ ló yà wọ́n. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, awòran ni ẹni tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, tó káwọ́ sẹ́yìn, tí kò là á, tí kò sì lọ sílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, tó mọ tinú tòde iṣẹ́ ọnà wa, ti ṣàlàyé pé a lè tú ọ̀rọ̀ náà, àwòrán, sí ohun tí a wò tí a fi rántí. Ẹ̀gbọ́n kì í rántí ẹnikẹ́ni bó bá ń wo àwòrán. Iye tí wọ́n tà á ló ń rántí.

Ẹ má sì rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń bú. Irú rẹ̀ pọ̀. Ti Ring Road kì í ra àwòrán tí kò bá bá kọ́tìnì mu. Ti Challenge kò tíì rà rárá, ọdún kẹfà rèé tó ti ń béèrè owó. Ti Bódìjà tèmi yìí ló dàgbà jù nínú wọn. Fírémù ló kọ́kọ́ máa ń yìn, ó mọ igi tí wọ́n fi ṣe fírémù ju ojú tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ọjà pákó ló ń gbé, ẹ má dá a lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló ní, ó sì tó o ná: pẹsipẹ́kítífù. Bí àwòrán bá wù ú, pẹsipẹ́kítífù rẹ̀ péye. Bí kò bá wù ú, pẹsipẹ́kítífù rẹ̀ wọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló túmọ̀ sí. Ó wò mí títí, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé ìwọ náà ò rí i ni?"

Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ yẹn ni Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Ọkùnrin yìí kò ní olùkọ́. Inú ìwé àwọn òyìnbó ló ti ń wo àwòrán kọ. Ní 1906 ó ya Ìyáàfin Spencer Savage, ojú jọ ojú, aṣọ jọ aṣọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ọwọ́ èèyàn dúdú ò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1920 ló tó lọ Lọ́ńdọ̀nù lọ gba ìwé ẹ̀rí ohun tó ti mọ̀. Nígbà tó dé, ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, àwọn ọmọ sì sọ ọ́ ní Mísítà Perspective, torí ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: bí ọ̀nà tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa ṣe ń tín-ín-rín lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ dúró lórí bíríìjì Mókọ́lá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo bí àwọn mọ́tò ṣe ń kéré lọ títí wọn á fi dà bí èèrà. Nǹkan náà nìyẹn. Kò le. Ẹ̀gbọ́n ń gba orí bíríìjì yẹn kọjá lójoojúmọ́, hóònù ló ń fọn.

Ó ti dé Párìsì. Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́. Ó ti rí Mónà Lísà "lójúkojú". Obìnrin yẹn ò tóbi, sẹ̀ńtímítà 77 ní gíga, 53 ní ìbú, fèrèsé balùwẹ̀ ẹlòmíràn jù ú lọ. Èrò tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀ bí èrò ọjọ́ àjọ̀dún, torí náà orí èèyàn àti fóònù ni Ẹ̀gbọ́n rí jù. Ó fi fọ́tò hàn mí. Òun ló kún fọ́tò náà, ó kọ ẹ̀yìn sí Mónà Lísà kó lè ya ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kéèyàn wọkọ̀ òfuurufú, kó ná irú owó yẹn lọ kí obìnrin, kó débẹ̀ kó wá kọ ẹ̀yìn sí i! Mo bi í bóyá ó ṣàkíyèsí pé a kì í rí irun ìpéǹpéjú lójú obìnrin náà. Ó ní pẹsipẹ́kítífù ni.

Kò wá gbọdọ̀ jẹ́ pé òyìnbó nìkan ló mọ̀. Ẹ dárúkọ ẹgbẹ́ Mbárí, tí Ulli Beier, Wole Soyinka, Christopher Okigbo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀ níhìn-ín ní 1961, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ti ń pàtẹ iṣẹ́, tí Jacob Lawrence, àgbà ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi wá pàtẹ tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1962: Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ó bọ Okigbo lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ rántí bàtà tí Okigbo wọ̀. Èmi ni mo bá a ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ìbí rẹ̀ nígbà tó fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì. 1958 ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó dá wọ Dùgbẹ̀ lọ bọ akéwì lọ́wọ́, kí la ó ti wí?

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ilé tí wọ́n ti mọ àwòrán wò ni wọ́n bí i sí. Fókò ni. Mo mọ pálọ̀ bàbá rẹ̀ dáadáa. Àwòrán wà níbẹ̀ yípo, wọ́n gbé wọn kọ́ sókè lábẹ́ àjà, wọ́n fi okùn dá wọn tẹ̀ síwájú, kó dà bí ẹni pé àwọn àgbà ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹni tó wọlé. Bàbá àgbà wà lórí àga pẹ̀lú ọ̀pá, ọwọ́ lórí eékún méjèèjì. Ìyàwó àkọ́fẹ́ wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ti fi ọ̀dà kun ẹnu rẹ̀ pupa lórí fọ́tò dúdú àti funfun. Awólọ́wọ̀ wà níbẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà. Láràárọ̀ ni ìyá ń fi aṣọ nu gíláàsì wọn, bó bá sì dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ yóò dúró, yóò kì í, yóò sọ iye tí ata jẹ́ lọ́jà fún un, yóò fi ẹjọ́ àwọn ọmọ sùn ún. Nígbà míì ó máa ń bínú sí i. Obìnrin yẹn ò wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó sọ bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe rí nínú àwòrán yẹn, á sọ fún yín pé inú ń bí i lọ́jọ́ náà torí pé bàtà há a.

Ìbéèrè kan ló wà ní Fókò: ṣé ó jọ ọ́? Òun náà ló wà ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń gbẹ́ àkó fún olóògbé ọlọ́lá láyé àtijọ́, ère tó jọ ọ́ bí ẹ̀dà, tí wọ́n á wọ aṣọ rẹ̀ fún, tí wọ́n á gbé káàkiri ìlú fún ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bóyá òun náà ló wà ní Ifẹ̀ láyé àwọn tó rọ àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ẹ wo àwọn ojú yẹn, ẹ̀yin náà á fẹ́ mọ orúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ ní Fókò, ó kó wá sí Bódìjà.

Oṣù kejì ọdún 2018 ni àìsàn rẹ̀ wá wọra. Àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Tutu ló fà á. Ben Enwonwu, ọmọ Oníṣà, ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà; ó rí Adétutù Adémilúyì, ọmọ-ọmọ Ọọ̀ni, ó sì yà á lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 1973 sí 1974. Ogun abẹ́lé ò tíì parí ju ọdún díẹ̀ lọ. Ọmọ Igbo kan jókòó, ó fara balẹ̀ wo ojú ọmọ Yorùbá kan títí ó fi yà á. Wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ pálọ̀ nílẹ̀ yìí. Ojúlówó ló di àwátì, títí wọ́n fi rí ọ̀kan he nínú ilé kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ní 2017. Àwọn Bonhams lù ú ní gbàǹjo ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n rò pé bóyá yóò mú ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ́n-ùn wá. Mílíọ̀nù kan ó lé ọ̀kẹ́ mẹ́wàá àti ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn ló mú wá. (Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ kí n máa pè é ní gbàǹjo. Ó ní gbàǹjo ni ti àwọn tó ń ju òkìrìkà sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀.)

Ẹ̀dà Tutu kan wà nílé Ẹ̀gbọ́n. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, ẹ̀yìn firíìjì ló sì wà fún bí ogún ọdún, aáyán ti jẹ igun rẹ̀ kan. Lóru ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde ni Tutu kúrò lẹ́yìn firíìjì. Kó tó di Sátidé, ó ti ní fírémù tuntun, ó ti ní iná tirẹ̀, àwọn ọmọ ò sì gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní kọ́rídọ̀ mọ́. Ó ra awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, ó gbé e lé ojú Tutu, ó sì rí àwọn àmì tó-tò-tó wínníwínní, pupa, búlúù, yẹ́lò, bí ẹ ṣe lè rí i lára ìwé ìròyìn èyíkéyìí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù ní aago mọ́kànlá òru. Ó ní òun ti rí àṣírí Enwonwu: tó-tò-tó ló fi ń kùn ún.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó jọ̀ọ́ máa bọ̀ wá sùn.

Nígbà tí Tutu kò wá di owó, ó kù kí òun fúnra rẹ̀ di àwòrán. Ó pe ọ̀dọ́ kan láti Agbowó, ọmọ tó mọ iṣẹ́, tí ojú rẹ̀ tutù. Ó kọ́kọ́ sọ ìtàn Rembrandt fún un, pé ọkùnrin náà ya ara rẹ̀ láti ìgbà èwe títí di ọdún tó kú, 1669, pẹ̀lú imú rẹ̀ tó wú àti ojú rẹ̀ tó ti hun jọ, kò fi nǹkan kan pamọ́. "Òtítọ́ ni mo fẹ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ya òtítọ́." Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n jọ ṣe é sí, ó san ìdajì.

Sátidé mẹ́ta ló fi jókòó fún un. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà ṣí aṣọ lórí iṣẹ́, mo wà níbẹ̀, mo sì mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló wà níbẹ̀! Àbàjà Fókò rẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ikùn tó ń ti bọ́tìnnì, àpò tó wà lábẹ́ ojú, àti ìwò kan báyìí tí n kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ti rí, ìwò ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má bi òun ní ìbéèrè tí òun ò ní lè dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n fi ìka ti àgbọ̀n. Ó fà sẹ́yìn. Òdòdó ṣubú.

"Pẹsipẹ́kítífù rẹ̀ wọ́."

Ọmọ náà rọra béèrè pé, "Dádì, ibo ni kí n tún ṣe?" Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti wá bẹ̀rẹ̀. Kí ó dín ikùn. Kí ó fi irun kún iwájú orí. Kí ó tan ara díẹ̀. Kí ó to ìwé sẹ́yìn, ìwé ńlá-ńlá. Kí Cocoa House yọ lójú fèrèsé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri aládùúgbò ni fèrèsé ilé yẹn kọjú sí. Ní ìkẹyìn ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń gba oògùn: àbàjà yìí, ṣé kò lè kúrò? Ọmọ náà ní, "Dádì, òun ni mo kọ́kọ́ rí lójú yín o." Ẹ̀gbọ́n ní òun ò bi í ní ohun tó rí.

Ọjọ́ Ọdún Iléyá tó kọjá ni màmá Ẹ̀gbọ́n wá kí wọn láti Fókò. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ṣì mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ dáa níbẹ̀. Màmá ò dáhùn, wọ́n kọjá lọ jókòó, wọ́n mu omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè.

"Ta leléyìí?"

"Èmi ni, Màmá."

Wọ́n wo àwòrán, wọ́n wo ọmọ wọn. Wọ́n dìde, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ilà tí bàbá ẹ sanwó fún ńkọ́? Ṣé o tà wọ́n ni?" Kò sí ẹni tó dáhùn. Màmá wá rìn lọ síwájú Tutu, wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́ ju bí mo ti rí ẹnikẹ́ni dúró níbẹ̀ lọ. Wọ́n bi wá pé ọmọ ta ni, a ní ọmọ Adémilúyì, ní Ifẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọrùn yẹn, ọrùn ilé ọba ni, ṣùgbọ́n ọmọ yìí mọ nǹkan kan tí kò ní sọ fún wa. Wọ́n ní kí a bá àwọn gbé àga súnmọ́ ọn.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ọmọ Agbowó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n títí di òní. Ó ní kò jọ òun. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ọ̀nà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ bá wa sọ fún un kó san án.