Tínà Kì í Ṣe Obìnrin

Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ẹni tó bá ní mo jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wá sọ ọ́ lójú mi níbi tí mo ti ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa ní Aramọkọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí yàrá ènìyàn bá fara ti yàrá Bàbá Ìbejì, tí ògiri tó là wọ́n láàárín ò sì kan àjà, kí ni kí onítọ̀hún fi etí rẹ̀ ṣe? Kó bọ́ ọ kọ́ sórí ìṣó ni?

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, iná ti lọ, mo ń bó ẹ̀wà àkàrà ọjọ́ kejì lójú fìtílà. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Ìbejì lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Tínà ni mo fẹ́, lọ́la dandan. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti gan pa, kò lọ mọ́, àfi kí n rí Tínà kó tó lè yọ̀. Ẹ bá mi fi í sínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Adó, màá dúró dè é ní gáréèjì. Owó? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo máa san."

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó ṣà á, Ìyá Ìbejì ti já jáde láti ilé ìdáná tòun ti ọmọ odó. Ẹ sì mọ ọmọ odó ilẹ̀ wa. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gún ata. "Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ti gan! Èmi tí mo bí méjì lẹ́ẹ̀kan náà fún ọ ni mo gan!"

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Kúnlé ni orúkọ tí ìyá ọkùnrin yìí sọ ọ́, kí adé lè kún ilé. Iṣẹ́ tó sì wá mú ni iṣẹ́ akunlé, ọ̀dà ló fi ń kun ilé kiri láti Ìjerò dé Ẹfọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Kúnlé tó ń kunlé tún kúnlẹ̀, nínú pótópótó, lójú gbogbo ará ilé.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, Tínà kì í ṣe obìnrin! Omi tí a fi ń po gílọ́ọ̀sì ni!" Ó sáré gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tó ṣófo jáde, ó ṣí i sí ìyàwó rẹ̀ nímú. Ìyàwó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Áà! Òórùn tó máa ń wà lára rẹ bó o bá pẹ́ délé nìyí!" Irọ́ kọ́ ló pa.

Ibi tí Kúnlé ìbá ti dákẹ́, kò dákẹ́. Ó fẹ́ ṣe tíṣà. Ó ní Tínà méjì ló wà, ti gílọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀, ti dùkó ọ̀tọ̀, ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á bàjẹ́. Ìyá Ìbejì tún gbé ọmọ odó sókè. "Méjì ni wọ́n?"

Dùkó yìí, àwọn tó ń kun mọ́tò ló ni ín. Orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ DuPont ti Amẹ́ríkà ni, Duco. Ṣáájú rẹ̀, bí wọ́n bá kun mọ́tò tán, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbẹ. Ní 1923 ni General Motors fi ti DuPont kun ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Oakland, wákàtí mélòó kan péré ló gbà. Láti ìgbà náà, ọ̀dà mọ́tò èyíkéyìí, ilé iṣẹ́ tó wù kó ṣe é, dùkó ni à ń pè é. Ta ló sọ ọ́ fún mi? Mo ní kí ni mo fẹ́ fi etí mi ṣe?

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn akunlé yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá onílé wa náà ti fara kó o. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àgbà jáde láyé, ọmọ wọn tó wà ní London ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ìyá òun gba iwájú ògiri ilé wa tó ń bó yẹn kọjá. Àwa ará Èkìtì! Ènìyàn á wà láàyè fún ọgbọ̀n ọdún, ògiri á máa bó lé e lórí, ọjọ́ tó bá kú ni búrọ́ọ̀ṣì tó dé. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bi Bàbá nípa ọ̀dà, èsì rẹ̀ kì í ju pé ọ̀dá owó ni kò jẹ́. London rán owó, ọ̀dá kásẹ̀ nílẹ̀, ó ku ọ̀dà.

Kúnlé wá wo ògiri, ó fi ìka kàn án kó kó kó, ó mi orí bíi dókítà. "Bàbá, ilé yìí máa gba kóòtù mẹ́ta."

Bàbá dìde. "Kóòtù mẹ́ta! Èmi tí n kò bá ẹnikẹ́ni dé kóòtù rí, àní lórí oko kòkó tí àbúrò mi gbà lọ́wọ́ mi!"

"Rárá sà. Kóòtù tí à ń wọ̀ ni."

"Ulé mi ló fẹ́ wọ kóòtù?" (Bí inú bá ń bí Bàbá, ilé kì í jẹ́ ilé lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ulé ni, bí a ṣe ń pè é kí tíṣà tó fi pàṣán kọ́ wa ní Yorùbá ìwé.)

"Ọ̀kan lé ọ̀kan lórí ni, sà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba práímà."

"Ilé tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún lo fẹ́ dá padà sí pámárì?"

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ọmọ London fi pè, tí ojú rẹ̀ hàn nínú fóònù. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ́mọ́ṣọ̀n lásán, sátíìnì ni òun fẹ́. Bàbá yíjú sí mi: "Ó wọ kóòtù, ó tún fẹ́ sátíìnì. Kí wọ́n kúkú wé gèlè fún un."

Mo rẹ́rìn-ín títí àkàrà fi jóná. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n ń rẹ́ jẹ, ìdí nìyí tí mo fi tẹ́tí sílẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí n ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ẹ́mọ́ṣọ̀n ni ọ̀dà olómi. Bí omi rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ, ó gbẹ. Gílọ́ọ̀sì ni olóróró, ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Òun kì í kàn gbẹ, atẹ́gùn ló máa ń wọ inú rẹ̀ tó fi ń le, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé bí ẹ bá gbàgbé láti dé agolo rẹ̀, lọ́jọ́ kejì ẹ ó bá awọ lójú rẹ̀ bí awọ ojú ògì gbígbóná tó ti tutù. Sátíìnì wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ń dán díẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó tó fi òrí para. Tẹ́skóòtù ni ti ìta, oníyanrìn. Ẹ má fara tì í, ó ń hó ìgúnpá.

Ti àwọn wẹ́dà ló tún pa mí lẹ́rìn-ín jù. Bí wọ́n bá jó géètì tán, wọ́n á fi rẹ́ẹ̀dì-ọ́síáìdì pa á lára kó má baà dógùn-ún. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ṣe é tó fi pupa bẹ́ẹ̀. Irin tó ti dógùn-ún náà ni! Ìdógùn-ún lílọ̀ kúnná tí wọ́n pò mọ́ òróró. Wọ́n ní kí olè wá máa ṣọ́ ilé.

Níbo la dé? Ẹ́ẹ̀n, sátíìnì. Owó dé, Kúnlé lọ sí Adó, ó ra rọ́bà sátíìnì gidi méjì, onílítà ogún-ogún. Owó tí wọ́n rán sì tó mẹ́fà. Ní òru ọjọ́ kejì, mo jí lọ tọ̀, mo rí tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìnkùlé. Kúnlé ń ro nǹkan nínú dúrọ́ọ̀mù bí ẹni ń ro àmàlà ìyàwó tuntun. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀ (ìtọ̀ ò gbẹ̀ mí mọ́), mo wo gbogbo rẹ̀.

Omi ló kọ́kọ́ bù. Ó bu títéníọ̀mù díẹ̀ sí i. Òun ló ń mú ọ̀dà funfun tí kì í jẹ́ kí àbàwọ́n abẹ́ rẹ̀ hàn, ó sì wọ́n, bí ẹja inú ọbẹ̀ ló rí, ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́wó ná, ara rẹ̀ ló ti ń gé e. Ó da kálísíọ̀mù, lẹ́búlẹ́bú òkúta funfun tí wọ́n ń lọ̀ ní apá Okpella ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ìyẹn ni gàrí ibẹ̀, òun ló ń mú rọ́bà kún. (Ilẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní káólíìnì, tó ń wọ inú ọ̀dà náà, wà nínú ilẹ̀ ní Ìjerò níbí. A ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a wá ń ra tẹlòmíràn.) Ó fi fọ́málíìnì díẹ̀ sí i kó má baà kan. Fọ́málíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ni o! Ìyá àgbà ní mọ́ṣúárì, ògiri wọn nílé, oògùn kan náà ni wọ́n jọ gbà.

Ó ku méjì. Nátírósọ̀ ni ilá, òun ló ń mú ọ̀dà fà, tó ń ki. PVA ni gọ́ọ̀mù tó ń so gbogbo rẹ̀ mọ́ra, tó sì ń so ó mọ́ ògiri. Kúnlé da ilá yẹn bí ẹni tí wọ́n fi jíǹkí. Ìgbà tó kan gọ́ọ̀mù, ó fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n, ó wò ó, ó tún da díẹ̀ padà. Ní àárọ̀, ọ̀dà ki nínú rọ́bà, ó ń fà yọ̀ọ̀. Bàbá fi igi gbé e sókè wò, ó ní, "Èyí dára." Ẹ wò mí níbẹ̀, mo dákẹ́. Kúnlé jẹ mí ní gbèsè àkàrà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà yẹn, mi ò fẹ́ kí owó rẹ̀ há.

Ó tún fi símẹ́ǹtì tuntun lẹ ibi tó là, ọjọ́ kẹta ló kun orí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí pé kí símẹ́ǹtì gbẹ fún ọjọ́ 28, torí agbára tó wà lára símẹ́ǹtì tútù ń jẹ ọ̀dà. Ṣùgbọ́n òkú kì í dúró.

Ọjọ́ ìnáwó pé. Ilé funfun báláú. Aṣọ ẹbí jẹ́ àwọ̀ wáìnì. Ọmọ London wọ kóòtù dúdú, ó ń dán. Iyán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí káàkiri ni òjò yí dé láti orí òkè Ẹfọ̀n, kánọ́pì gbé ara sọ, gbogbo àlejò sì sá lọ fara ti ògiri. Nígbà tí òjò dá, tí wọ́n padà sójú agbo, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àwa tó ń bu ọbẹ̀, mo ké "Yéè!" Gbogbo ẹ̀yìn funfun! Láti èjìká dé ìdí. Ẹni tó bá kọjá á rò pé ọdún Ọbàtálá là ń ṣe. Ẹ̀yìn ọmọ London ló burú jù, bí ẹni tó sùn sínú èlùbọ́. Bàbá yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ògiri ti bọ́ kóòtù rẹ̀ fún ọ."

Kúnlé ò jẹ̀bi rí láyé rẹ̀. Ẹfọ̀n ni wọ́n bí i, bí ẹ bá sì bá a wí, Ọlọ́wẹ̀ ló máa ń fi bo ara. Òótọ́ ni pé Ẹfọ̀n ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére kó tó di ará Ìsẹ̀. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òyìnbó sínú rẹ̀ tí wọ́n fi ohun ìgbérù gbé, ó sì fi ọ̀dà kùn ún. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ hàn ní Wembley, ó wu àwọn òyìnbó, Ògògà ní òun ò tà, àfi kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú wọn pààrọ̀ rẹ̀. Ó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní London dòní. Kúnlé wá na ọwọ́ sí ọmọ London: "Ẹ lọ wò ó níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ súnmọ́ ọn. Ọ̀dà ọmọ ìlú mi ṣì wà lára rẹ̀ di òní!"

Bàbá onílé ní, "Ọlọ́wẹ̀ ò dín gọ́ọ̀mù."

Mo wo Bàbá. Ta ló sọ fún un? Mi ò mọ̀ o. Ó ṣáà ti san gbèsè àkàrà mi, ká fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ London gbaná jẹ, ó ní òun máa pe lọ́yà, òun á gbé Kúnlé lọ sí kóòtù. Bàbá pàtẹ́wọ́: "Mo sọ fún yín pé kóòtù ló máa parí ẹ̀!" Ìgbà tí wọ́n bẹ ọmọ London títí, Kúnlé gbà láti tún ilé náà kùn lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ló ń kùn lọ́wọ́ báyìí, ó ti dé ojú fèrèsé, ìyẹn ló jẹ́ kó máa pariwo Tínà lóru.

Fèrèsé yẹn, mo ti kìlọ̀ fún Ìyá Ìbejì. Táyé àti Kẹ́hìndé ń ṣí èèpo gílọ́ọ̀sì àtijọ́ jẹ bí ẹ̀pà. Òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Láti 1978 ni Amẹ́ríkà ti lé e kúrò nínú ọ̀dà ilé, 2021 ni NAFDAC ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin tiwa, pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ìyá Ìbejì ní òun gbọ́. Kò gbọ́. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Lánàá, nǹkan bí agogo mẹ́rin, ọ̀kadà kan já obìnrin kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ètè pupa fòò, báàgì lábíyá, sálúbàtà gogoro. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́. "Ẹ kú ọjà o, mà. Láti Adó ni mo ti ń bọ̀. Kúnlé akunlé ni mò ń wá. Owó Tínà ni mo wá gbà."

Gbì-gbì odó iyán dákẹ́ nínú ilé. Mo rọra sọ agbada òróró mi kalẹ̀ kúrò lórí iná, mo sún àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè rí ìran.

Ìyá Ìbejì yọ sẹ́nu ọ̀nà, iyán ṣì lẹ̀ mọ́ orí ọmọ odó. Ó wo obìnrin náà láti ètè dé sálúbàtà. Ó ní, "Èwo nínú méjèèjì?"